Ọ̀fẹ́ Kọ́ Ni Yẹpẹrẹ: Bí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀ Ṣe Lè Yan Linux

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àjọyọ̀ ọdún kẹwàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ tó bá pé ọdún mẹ́wàá tí kò tú ká, tí àpò rẹ̀ kò sì gbẹ, ó yẹ kó jó, ó sì yẹ kó yọ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọyọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n rò ni pé ọ̀rọ̀ owó ni n ó sọ, nítorí iṣẹ́ báńkì ni mò ń ṣe. Ọ̀rọ̀ owó náà ni mo bá wá, àmọ́ ẹnu ọ̀nà mìíràn ni mo gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà nílé olúkúlùkù wa ni, èyí tí à ń fi fi owó ránṣẹ́, tí akọ̀wé ń fi tẹ ìwé ìpàdé, tí àwọn ọmọ wa ń fi kàwé.

Ohun tó fà á nìyí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ títún Windows 10 ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ dúró. Wọ́n fi ọdún kan kún un fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún kan kò pẹ́ lọ títí. Èyí kò túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà yín á kú o. Á ṣì máa tàn, á sì máa ṣiṣẹ́ bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olè bá rí ihò tuntun lára ògiri ilé náà, kò sí bíríkìlà tí yóò wá dí i mọ́.

Ẹ ó ní, "Ṣebí ká kúkú gbé Windows 11 sórí rẹ̀?" Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Windows 11 ń béèrè ohun kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 nínú ẹ̀rọ, ó sì ń béèrè irú processor kan tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ laptop tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018 kò ní in. Ẹ sì mọ̀ pé tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Laptop náà ṣì le bí ọta, bọ́tìnnì rẹ̀ kò jábọ́, bátìrì rẹ̀ ṣì ń gbé e, àmọ́ Windows tuntun ní òun kò bá a ṣe.

Ọ̀nà mẹ́ta ló kù. Èkíní, kí a ra laptop tuntun. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kó rà á, a ó bá a yọ̀. Èkejì, kí a gbé e lọ fún ọmọkùnrin kan lójú títì kó bá wa fi Windows ayédèrú sí i. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìkejì gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ báńkì. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, a máa ń rí oníbàárà tó ń sunkún pé owó òun ti lọ, bẹ́ẹ̀ òun kò sọ ọ̀rọ̀ aṣínà òun fún ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn, òótọ́ ló ń sọ. Òun kọ́ ló sọ ọ́; kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló sọ ọ́. Àwọn tó ń já kọ́kọ́rọ́ Windows kì í ṣe é nítorí Ọlọ́run. Nínú ohun tí wọ́n fi ń já a, wọ́n lè fi amí kékeré kan pamọ́ tí yóò máa ka gbogbo ohun tí ọwọ́ yín bá tẹ̀, tí yóò sì máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ohun tí ẹ rò pé ẹ rí gbà ní ọ̀pọ̀, àpò yín ni yóò ti san án. Kí a má sì gbàgbé pé olè ni, bó ti wù kó kéré tó. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ wa pé kí wọ́n má jalè, a kò lè máa fi kọ̀ǹpútà olè kọ́ wọn níṣẹ́ ilé-ìwé.

Ó wá kan ọ̀nà kẹta. Nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, sọ́fítíwíà àgbà kan wà tó ń darí gbogbo ìyókù: òun ló ń jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù bá ojú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, òun ló ń tọ́jú fáìlì, òun ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Operating system ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Èmi á máa pè é ní ètò adarí. Windows jẹ́ ọ̀kan. Èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà Apple jẹ́ ọ̀kan. Ìdílé kẹta wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Linux. A kì í rà á, a kì í san owó oṣù lórí rẹ̀, ó sì bófin mu láti fún ẹlòmíràn.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn kan: ohun ọ̀fẹ́, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Ìbéèrè tó dára ni. Ta ló ń san owó rẹ̀?

Ní ọdún 1983, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Richard Stallman kéde pé òun fẹ́ kọ ètò adarí kan tí gbogbo ènìyàn yóò lómìnira lórí rẹ̀. Ohun tó fẹ́ jẹ́ mẹ́rin: kí ẹni tó ní in lè lò ó fún ohunkóhun, kó lè tú inú rẹ̀ wò, kó lè fún ẹnìkejì, kó sì lè tún un ṣe. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún òmìnira àti fún ọ̀fẹ́, ó sì ti fún Stallman níṣẹ́ àlàyé títí dòní. Àwa ní ọ̀rọ̀ méjì fún un. Ọ̀fẹ́ ni pé owó kò jáde. Òmìnira ni pé kò sí ẹni tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ lójú. Linux fún wa ní méjèèjì, ṣùgbọ́n òmìnira ni ìyá, ọ̀fẹ́ ni ọmọ.

Ní ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Helsinki ní Finland, Linus Torvalds, ọmọ ọdún 21, kọ ọkàn ètò adarí kan, ó sì gbé e síta kí ẹni tó bá fẹ́ bá òun tún un ṣe. Láti ìgbà náà, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ gbé oko rí, ẹ mọ ọ̀wẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá fẹ́ kọ́lé, ará abúlé á jáde, ẹni kan á po amọ̀, ẹni kan á gbé igi, ilé á dìde. Ní ti Linux, ẹni kan ń kọ apá tó kan Wi-Fi, ẹni kan ń kọ apá tó kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Intel àti Google náà ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é, nítorí àwọn fúnra wọn ń lò ó. Àwọn mìíràn ń fi sọ́fítíwíà náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ìtọ́jú àti ìrànlọ́wọ́. Iṣẹ́ tí Red Hat ń ṣe nìyẹn, tó fi di pé IBM rà á ní bílíọ̀nù 34 dọ́là ní ọdún 2019. Ohun tí wọ́n rà ní bílíọ̀nù 34, ẹ má pè é ní yẹpẹrẹ.

Ẹ tilẹ̀ ti ń lò ó. Bí fóònù tó wà lápò yín bá jẹ́ Android, ọkàn Linux ló wà nínú rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017 ni gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tó lágbára jù lọ lágbàáyé ti ń lo Linux, gbogbo wọn pátá.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi máa ń sá? Orúkọ ló ń pọ̀ jù. Nígbà tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ló lómìnira láti tún un dì, Linux ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún irúfẹ́: Debian, Ubuntu, Mint, Fedora, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn wọ ọjà aṣọ tí kò mọ orúkọ aṣọ kankan. Bí ẹ bá sì béèrè lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá pé èwo ló dára jù, ìdáhùn mẹ́wàá ni ẹ ó gbà. Ìbéèrè náà ni kò dára. Kò sí èyí tó dára jù fún gbogbo ayé. Ìbéèrè mẹ́rin ni kí ẹ bi ara yín.

Ìbéèrè kìíní: iṣẹ́ wo ni mò ń fi kọ̀ǹpútà ṣe? Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́tà, ìṣirò owó, í-meèlì, WhatsApp lójú ẹ̀rọ, fíìmù wíwò, Zoom, àti fífi owó ránṣẹ́ lórí ìkànnì báńkì, Linux á ṣe gbogbo rẹ̀. LibreOffice wà nínú ọ̀pọ̀ lára wọn fún lẹ́tà àti ìṣirò, Firefox wà fún íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Microsoft Office tí a ń gbé sórí ẹ̀rọ kò sí fún Linux. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni yóò ṣiṣẹ́. LibreOffice máa ń ṣí fáìlì Word àti Excel, àmọ́ bí tábìlì inú rẹ̀ bá díjú, ìlà lè yẹ̀ díẹ̀. Photoshop kò sí. Àwọn sọ́fítíwíà ìṣirò owó kan àti ìdánrawò JAMB kan wà tó jẹ́ orí Windows nìkan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ bá wà lórí irú èyí, kó má tí ì kúrò lórí Windows. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìbéèrè kejì: agbára wo ni ẹ̀rọ mi ní? Ẹ wo iye RAM rẹ̀. Ubuntu ọdún 2024 ń béèrè ó kéré tán 4GB. Linux Mint á gbà pẹ̀lú 2GB, ṣùgbọ́n 4GB ni ara á ti tù ú. Bí laptop bá ti gbó gan-an, àwọn kan wà tí wọ́n dín ẹ̀ṣọ́ ara wọn kù kí ẹ̀rọ lè sáré: Linux Mint tí wọ́n ń pè ní Xfce, tàbí Lubuntu. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ dà bí ìyàtọ̀ agbádá àti dàńṣíkí: ènìyàn kan náà ló wọ̀ ọ́, ọ̀kan kàn fúyẹ́ ju èkejì lọ.

Ìbéèrè kẹta: ọdún mélòó ni àwọn tó ṣe é yóò fi máa tọ́jú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ bíríkìlà yẹn náà ni. Ní ọdọọdún méjì, ní oṣù kẹrin, ni Ubuntu máa ń gbé irú kan jáde tí wọ́n ń pè ní LTS, tí wọ́n á máa dí ihò rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ti ọdún 2024 yóò dé ọdún 2029. Linux Mint 22, tí wọ́n kọ́ lé e lórí, yóò dé ọdún 2029 bákan náà. Fedora dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló ń yí padà, ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju bí oṣù 13 lọ. Ẹni tó fẹ́ràn ohun tuntun, kó lọ síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí ohun tó mọ̀ lánàá wà níbi tó fi í sí, kó yan LTS.

Ìbéèrè kẹrin ló ṣe pàtàkì jù, òun ni ọ̀pọ̀ kì í béèrè: ta ló wà nítòsí mi tó mọ̀ ọ́n lò? Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àmọ́ ó ní láti rí ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí àbúrò yín ń lò ní òpópónà kejì, tó lè wá bá yín jókòó lọ́jọ́ Sátidé, sàn ju èyí tí gbogbo ayé ń yìn tí ẹ kò mọ ẹnikẹ́ni tó ní in.

Pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́rin yìí, orúkọ tó kù kò pọ̀ mọ́.

Èkíní ni Ubuntu. Ọmọ ilẹ̀ South Africa kan, Mark Shuttleworth, ló dá a sílẹ̀, ó kọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004. Ọ̀rọ̀ àwọn Zulu àti Xhosa ni orúkọ rẹ̀. Ó jọ ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí sí ẹnìkejì, pé ènìyàn ni aṣọ ènìyàn. Títí di ọdún 2011, wọ́n ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè, ní ilẹ̀ yòówù kó wà. Ó gbajúmọ̀, ìrànlọ́wọ́ lórí rẹ̀ sì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ìrísí rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Windows.

Èkejì ni Linux Mint, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006. Ọmọ Ubuntu ni, Ubuntu náà sì jẹ́ ọmọ Debian. Ẹni tó bá ti lo Windows rí, ojú rẹ̀ kò ní ṣókùnkùn níbẹ̀: àmì tí a ń tẹ̀ láti ṣí nǹkan wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, aago wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àpò fáìlì wà níbi tí a ti ń retí rẹ̀. Ó tún ní ohun kan tó ń jẹ́ Timeshift. Bí ẹ bá ti tò ó kalẹ̀, ó lè dá ètò inú ẹ̀rọ padà sí bó ti rí lánàá bí nǹkan bá bàjẹ́ lónìí. Tí ẹ bá ní kí n yan ọ̀kan fún ẹni tó ń kúrò lórí Windows, èyí ni n ó mú.

Àwọn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún ní ìbẹ̀rẹ̀. Arch àti Gentoo, ti àwọn tó fẹ́ fọwọ́ ara wọn to bíríkì kọ̀ọ̀kan ni. Àwọn ọmọ wa ọkùnrin náà á fẹ́ Kali, nítorí wọ́n ti rí i nínú fíìmù. Kali jẹ́ irinṣẹ́ àwọn tó ń dán ààbò kọ̀ǹpútà wò. Àwọn tó ṣe é gan-an sọ pé kì í ṣe ti olùbẹ̀rẹ̀. A kì í fi ọkọ̀ panápaná kọ́ ènìyàn ní mọ́tò wíwà.

Ẹ̀bùn kan wà níbẹ̀ fún àwa tí à ń kọ Yorùbá. Lára àwọn kíbọ́ọ̀dù tó bá Linux wá, ti Yorùbá wà níbẹ̀. Ẹ lọ sí ibi ètò kíbọ́ọ̀dù, ẹ wá Nigeria, ẹ ó rí Yorùbá pẹ̀lú Hausa àti Igbo. Gẹ́gẹ́ bí Alukoro, ó dùn mọ́ mi nínú. Orúkọ ẹni tí a kọ láìsí àmì lórí, orúkọ ẹlòmíràn ló lè dà.

Báwo la ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Ìròyìn ayọ̀ ni pé ẹ lè dán an wò kí ẹ tó gbà á sílé. Ẹ wá fíláàṣì 8GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sí ohun pàtàkì lórí rẹ̀, nítorí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni yóò parẹ́. Ẹ gba Linux Mint sílẹ̀ láti orí ìkànnì àwọn tó ṣe é gan-an, kì í ṣe láti ibòmíràn. Ó súnmọ́ 3GB. Ti Ubuntu ọdún 2024 súnmọ́ 6GB, nítorí náà ẹ ṣe ìṣirò dátà yín. Sọ́fítíwíà kékeré kan tó ń jẹ́ Rufus tàbí balenaEtcher, ọ̀fẹ́ ni àwọn náà, ni yóò bá yín gbé e sórí fíláàṣì. Ẹ pa laptop, ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, kí ẹ sì máa tẹ F12 bó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo, tàbí Esc tàbí F9 bó bá jẹ́ HP. Ẹ yan fíláàṣì náà. Linux á ṣí láti orí fíláàṣì, kò ní fọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yín.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Ṣé Wi-Fi rẹ̀ ń wọlé? Ṣé ohùn ń jáde? Ṣé kámẹ́rà ń ríran? Ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ń tẹ̀wé? Wi-Fi ló máa ń ṣe orí kunkun jù lára àwọn laptop kan; Mint ní ibi tí a ti lè wá ohun tó bá a mu. Ẹ lò ó fún ọjọ́ díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá wù yín, ẹ gbé e wọlé. Bí kò bá wù yín, ẹ yọ fíláàṣì, Windows yín wà níbi tó wà. Ọkọ àti ìyàwó gan-an máa ń fẹ́ra sọ́nà kí wọ́n tó ṣe ìdána.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e wọlé, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta. Ẹ kó gbogbo fọ́tò, ìwé àti fáìlì yín sí ibòmíràn, kí ẹ sì ṣí wọn níbẹ̀ láti rí i pé wọ́n pé. Bí Windows yín bá ti tìlẹ̀kùn pẹ̀lú BitLocker, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Kí ẹ sì gba iná sínú bátìrì kó kún, nítorí ẹ mọ iná wa. Bí iná bá lọ lágbedeméjì iṣẹ́, à á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá tí ì balẹ̀ lè fi méjèèjì sórí ẹ̀rọ kan, kó máa yan èyí tó fẹ́ nígbàkúùgbà tó bá tàn án. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹnìkan bi mí léèrè pé, "Alukoro, ṣé olè kò ní lè wọ Linux ni?" N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dára, bí onílé bá fún olè ní kọ́kọ́rọ́, olè á wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé báńkì ni òun ti ń pè, tó ní kí ẹ ka OTP fún òun, kò sí ètò adarí tó lè gbà yín. Ohun tí Linux ṣe ni pé ó mú yín kúrò nínú ilé tí kò ní bíríkìlà mọ́, ó sì mú yín kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń ta kọ́kọ́rọ́ ayédèrú. Ìṣọ́ra tó kù, ọwọ́ yín ló wà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ohun tí mo bá wá gan-an nìyí.

Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú mọ bí a ṣe ń ṣe ẹgbẹ́jọdá. Bí regbéregbé bá ń múra Ojúde Ọba, a kì í ní kí olúkúlùkù lọ ra èyí tó wù ú. A ó jókòó, a ó jiyàn, ẹni kan á ní àwọ̀ náà kò bá òun mu, níkẹyìn a ó mú ẹyọ kan. Kì í ṣe pé aṣọ náà ló dára jù láyé. Ohun tó gbé e níyì ni pé gbogbo wa la wọ̀ ọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wé á bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wé wé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a ṣe èyí. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi gbé Linux sórí ẹ̀rọ tí wọ́n sì padà lẹ́yìn oṣù kan kì í ṣe pé ó burú. Wọ́n dá nìkan wà ni. Ìbéèrè kékeré kan dé, kò sí ẹni tí wọ́n lè bi, ọmọkùnrin ojú títì tí wọ́n mọ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ogójì ènìyàn bá yan irúfẹ́ ogójì, olúkúlùkù á máa dá gbé ẹrù tirẹ̀. Bí ogójì bá yan ẹyọ kan, ohun tí ẹnìkan bá kọ́ lónìí ti di ti gbogbo wa lọ́la.

Nítorí náà, mo ń dábàá, n kò pàṣẹ, pé ní ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀, kí a dìbò lórí nǹkan mẹ́ta. Kí a mú irúfẹ́ kan ṣoṣo, tèmi ni Linux Mint, bí ẹnìkan bá ní èyí tó sàn jù, kó wá ṣàlàyé rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà akọ̀wé àti ti akápò, lẹ́yìn tí a bá ti kó ìwé ẹgbẹ́ sí ibi ààbò, nítorí orúkọ gbogbo wa àti owó gbogbo wa ló wà níbẹ̀. Kí a sì yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ, tí wọn yóò máa jókòó ní wákàtí kan ṣáájú ìpàdé oṣooṣù, kí ẹni tó bá ní ìṣòro gbé laptop rẹ̀ wá. Dátà tí a ó fi gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan àti fíláàṣì mélòó kan ni gbogbo ìnáwó rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a lè máa dà á kọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, òfin kò sì ní mú wa.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá tiyín, ẹ rántí pé ẹ̀yin náà kọ́ WhatsApp, tí ẹ wá ń fi fídíò dí fóònù àwa ọmọ yín pa. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ìwé gbèsè àwọn oníbàárà yín á wọ inú LibreOffice wẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó tẹ̀lé òbí yín wá, ẹ̀yin la ó máa bi léèrè. Ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọdún mẹ́wàá tí a ti lò pọ̀ ló jẹ́ kí n ní ìgboyà láti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí síwájú yín. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Àpò wa kò ní gbẹ. Olè kò ní mọ ọ̀nà ilé wa, kò sì ní mọ ọ̀nà kọ̀ǹpútà wa. A ó ṣe ogún ọdún, a ó ṣe ọgbọ̀n, ojú wa ni yóò sì ṣe é.



Alukoro Ẹgbẹ́